Ojú Ọjọ́ Àná Ni A Fi Ń Kọ́ Ti Ọ̀la

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa d'Ífá ọrọọrún. Ní Ọ̀rà Ìgbómìnà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ ọ̀la yìí kì í ṣe eré lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbin àgbàdo nítorí òjò àkọ́rọ̀, tí òjò wá dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣé kì í ṣe pé irúgbìn rẹ̀ ti wọlẹ̀ nìyẹn?

Lóde òní, ìṣirò ni àwọn onímọ̀ fi ń wádìí ọ̀la. Wọ́n á pín òfurufú sí ojú-ojú bí àwọ̀n, wọ́n á fún ojú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ooru, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò wá máa ṣírò ohun tí ojú kan ń ṣe sí èkejì, díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí yóò ti rí nọ́ńbà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀? Tèmi ni pé kí ó má wá ti òní rárá. Kí ó wá ọjọ́ kan tí ó ti kọjá, tí a ti mọ bí ó ṣe parí.

Ohun tí Lewis Fry Richardson, ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe nìyẹn. Ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 1910 ni ó mú, nítorí pé lọ́jọ́ náà wọ́n rán àwọn fèrè ńlá olóògùn afẹ́fẹ́ sókè ní ibi púpọ̀ ní Yúróòpù, Vilhelm Bjerknes ará Norway sì ti kó àkọsílẹ̀ wọn jọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Richardson ń wa ọkọ̀ tí ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, níbẹ̀ ló sì ti ń fi ọwọ́ ṣírò. Ìwé náà sọnù ní 1917. Abẹ́ òkìtì èédú ni wọ́n ti rí i ní Bẹ́ljíọ̀mù!

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1922. Èsì rẹ̀ ní kí ìwúwo afẹ́fẹ́ fi mílíbà 145 lọ sókè láàárín wákàtí 6. Bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Peter Lynch ará Ireland tún un ṣírò, ó rí i pé ọ̀nà Richardson dára. Nọ́ńbà tó fi bẹ̀rẹ̀ ni kò gún. Nígbà tí ó tún wọn ṣe, ìdáhùn bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹ ò rí i pé bí a kò bá ní èsì ọjọ́ náà lọ́wọ́, a kì bá tí mọ ibi tó wọ́?

Àwa náà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje ọdún 2016, iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní DACCIWA gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, àti ní Kumasi ní Gánà. Ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta ń gbéra láti Lomé. Ìkuùkù tó máa ń bo ojú ọ̀run wa láti òru títí di ọ̀sán ni wọ́n ń wá, èyí tí kọ̀ǹpútà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Àkọsílẹ̀ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú àká tí à ń pè ní BAOBAB.

Èyí tó gbòòrò jù ni ERA5, ti ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ àwọn ará Yúróòpù. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó rí nọ́ńbà fún Ọ̀rà níbẹ̀, wákàtí kọ̀ọ̀kan láti 1940. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ o! Ojú àwọ̀n kan fẹ̀ tó kìlómítà 31, ó lè gbé Ọ̀rà àti Òkè-Ìlà mì pọ̀. Púpọ̀ nínú nọ́ńbà náà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni wọ̀n. Ìṣirò ni wọ́n fi dí àlàfo.

Àlàfo yẹn ló ń dùn mí. Ní 2018, ìwádìí kan yẹ àsọtẹ́lẹ̀ òjò láti ilé iṣẹ́ ńláńlá mẹ́sàn-án wò. Ní apá tiwa ní Áfíríkà, wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn ju kí èèyàn kàn ka iye ìgbà tí òjò ti rọ̀ lákòókò bẹ́ẹ̀ láwọn ọdún tó kọjá. Ìyẹn ni pé àgbẹ̀ Ọ̀rà tó fi orí pa ọdún mọ́ kò kéré sí wọn.

Nítorí náà, kí ọmọ wa gba ti ERA5, kí ó gba ti Ifẹ̀, kí ó fi kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó gbé agolo ìwọ̀n òjò sí ìta gbangba pẹ̀lú, kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní agogo kan náà láràárọ̀. Nọ́ńbà tí àwa kò bá kọ, ẹlòmíràn ni yóò máa bá wa méfò rẹ̀.