Sinimá Yorùbá: Ọjà Rẹ̀ àti Ọwọ́ Òǹkọ̀wé

Orí ìtàgé ni sinimá Yorùbá gbà wá. Àwọn ọ̀gá tíátà bíi Hubert Ògúndé, Dúró Ládiípọ̀ àti Moses Ọláìyá (Bàbá Sàlá) ti ní òǹwòran kí wọ́n tó fojú kan kámẹ́rà, Ìbàdàn sì wà lára ibi tí èrò ti máa ń ya bò wọ́n. Ní 1981, nígbà tí ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ní pápá ìṣeré kan ní ìlú náà, nǹkan bí 14,000 ènìyàn ló wò ó.

Fíìmù Àjàní Ògún jáde ní 1976. Ní 1979, Aiyé ti Ògúndé àti Ìjà Òmìnira tẹ̀ lé e. Inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, ni wọ́n ti fa Ìjà Òmìnira yọ. Owó fíìmù ìgbà náà wọ́n gan-an, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Olóòtú fúnra rẹ̀ ló ń gbé ẹ̀dà fíìmù rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, tó ń háyà gbọ̀ngàn, tó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ibi tí ẹ̀dà bá ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọjà bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Sàlá nìyẹn nígbà tí wọ́n jí Ọ̀run Móòrù (1982) dà sórí fídíò, tí gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, fídíò ni àwọn olóòtú yà sí.

Lásìkò fídíò yìí ni olùdarí fíìmù Túndé Kèlání padà sọ́dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé. Ó Le Kú (1997), ìtàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá nípa Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, tún dá ìró kékeré tí kò ju orúnkún lọ padà sóde. Àwọn télọ̀ rí iṣẹ́ ṣe, wọ́n sì fi orúkọ fíìmù náà pe aṣọ ọ̀hún. Ṣaworoidẹ (1999) tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lápité gun orí oyè Jogbo láìgba gbẹ́rẹ́ tó yẹ kí ọba gbà. Nígbà tí ìlù ṣaworoidẹ dún, adé tó wà lórí ọ̀gá ológun tó gba ìjọba lọ́wọ́ Lápité fún un mọ́ra, ó sì kú. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìjọba ológun wà nínú adé yẹn, ọmọdé sì lè wò ó kó yé e. Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Fálétí ló ṣe ẹ̀dá ìtàn tó ń jẹ́ Ọ̀pálábá nínú rẹ̀.

Owó tó ń wọlé lónìí kò láfiwé. Àgẹ̀ṣinkólé ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ (2022), tí wọ́n fi Yorùbá ṣe, pa ju mílíọ̀nù 300 náírà lọ ní ilé sinimá. A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tó jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kọjá bílíọ̀nù kan náírà, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ará Ìbàdàn ń rí irú wọn wò ní Dùgbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Kòkó. Netflix gbé Aníkúlápó (2022) àti Jagun Jagun (2023) dé gbogbo ayé, ṣùgbọ́n owó àjèjì kì í dúró: ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, Amazon ṣíwọ́ gbígbé iṣẹ́ fún àwọn eléré Áfíríkà. YouTube ló kù fún ọ̀pọ̀ olóòtú, níbi tí òǹwòran Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ti ń mú owó ìpolówó wọlé ju ti ilé lọ.

YouTube ń fẹ́ eré tuntun lemọ́lemọ́. Ìkánjú yìí ló fà á tí ìtàn orogún àti ti olówó òjijì fi ń pààrà ara wọn, tí èdè sì ń tín-ín-rín lẹ́nu òṣèré. Àwọn òǹkọ̀wé tó mọ èdè náà dunjú sì ti lọ: Fálétí kú ní 2017, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní 2018, Ìbàdàn sì ni àwọn méjèèjì kú sí. Àwọn tó lè gba iṣẹ́ ìkọ̀wé lọ́wọ́ wọn ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá àti tíátà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kí olóòtú kọ́kọ́ sanwó fún wọn kó tó háyà kámẹ́rà.