Ta Ni Ó Ni Ìtàn? Akọni Inú Ìwé, Akọni Orí Ìtàgé àti Ẹjọ́ Àwọn Òǹwòran

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn ẹlòmíràn. Bí àwọn ènìyàn bá ti ń jáde níbi tí wọ́n ti wo fíìmù akọni kan, ohun tí a sáà máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé, "Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé," tàbí, "Bí ó bá ní agbára tó bẹ́ẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí ó lò ó nígbà tí wọ́n mú un?" Àríyànjiyàn méjì ni ó wà nínú gbólóhùn méjèèjì yìí. Èkíní dá lórí ìṣòótọ́: ǹjẹ́ ẹni tí ó sọ ìwé di eré ṣe olóòótọ́ sí ohun tí ó bá nílẹ̀? Èkejì dá lórí àhunpọ̀ ìtàn: ǹjẹ́ ìtàn náà gún, àbí òwú rẹ̀ já níbì kan? Ní tèmi o, n kò ka ọ̀kankan nínú wọn sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, nítorí pé ohun tí a ń jà lé lórí gan-an ni ẹni tí ó ni ìtàn.

Ní ọdún 1938 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìtàn Superman jáde ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1938 yìí kan náà ni ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde nílẹ̀ wa. Ẹ wo àwọn ọdẹ tí ọba rán lọ sí Òkè Láńgbòdó: Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀, Kàkó Oníkùmọ̀-ẹkùn, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ akọrin, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ tí ó gbọ́ èdè ẹranko, Èfọ̀ìyẹ̀ tafàtafà àti Àràmàǹdà-ọkùnrin. Olúkúlùkù ni ó ní ẹ̀bùn tirẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni a sì rán gbogbo wọn. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi ẹgbẹ́ àwọn akọni wọn ṣe kò yàtọ̀ sí èyí. Ní ọdún 1978 ni Superman di fíìmù ńlá. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, ní 1977, ni orílẹ̀-èdè wa gbé eré Wálé Ògúnyẹmí, Langbodo, lọ sí àjọ̀dún FESTAC ní Èkó. Láti inú ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí ìwé Fágúnwà ní 1968 ni eré náà ti jáde. Ẹ rí i pé Kàkó ti rìn jìnnà kí ó tó dé orí ìtàgé. Ó kúrò nínú Yorùbá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kúrò nínú ìwé bọ́ sí ara òṣèré. Ẹni tí ó ti ka ìwé náà nílé-ìwé kò lè ṣe kí ó má wò ó bóyá Kàkó tí òun mọ̀ ni ó dé.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ó kan àwa ará ìwọ̀-oòrùn Èkìtì jù lọ ṣáájú ìyẹn. Láti Ìjùrìn títí dé Ìjerò, láti Àràmọ̀kọ títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kò yẹ kí a rí ẹni tí kò mọ̀ pé ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Ọdún 1925 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe kí ó tó di òṣèré, àwọn eré rẹ̀ bí Ìfẹ́ Owó sì fi hàn pé olùkọ́ kò kúrò nínú rẹ̀ rí. Yunifásítì Ìbàdàn gbà á sọ́dọ̀ fún oṣù díẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 1963 ni wọ́n sì gbé Láńkẹ́ Ọ̀mu jáde níbẹ̀, tí Demas Nwoko bá wọn ṣe ètò orí ìtàgé. Ìwé Amos Tútùọlá, The Palm-Wine Drinkard, tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ni Ògúnmọ́lá sọ di eré.

Akọni ni ọ̀mu inú ìwé yìí. Ó ń pe ara rẹ̀ ní bàbá àwọn òrìṣà, ẹni tí ó lè ṣe ohun gbogbo láyé. Ó ń di ẹyẹ, ó ń di aláǹgbá, ó fi àwọ̀n mú Ikú fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko tí igi ọ̀pẹ inú rẹ̀ jẹ́ 560,000, adẹ́mu rẹ̀ sì ń dá agbè 150 láàárọ̀ àti 75 nírọ̀lẹ́. Nígbà tí adẹ́mu náà já láti orí ọ̀pẹ tí ó kú, ọ̀mu gbéra, ó ń wá a lọ sí ìlú àwọn òkú.

Kí ni Ògúnmọ́lá yí padà? Èkíní, akọni inú ìwé kò ní orúkọ àbísọ, Ògúnmọ́lá sì sọ ọ́ ní Láńkẹ́. Èkejì ni ó fa ọ̀rọ̀. Nínú ìwé, ọ̀mu dé ìlú àwọn òkú ní tòótọ́, ó gba ẹyin ìyanu bọ̀ wálé, ẹyin náà sì bọ́ àwọn ènìyàn nígbà ìyàn. Nínú eré, ojú oorun ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Láńkẹ́ jí, a sì rí i pé àlá ni.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ yìí bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé yóò sọ pé Ògúnmọ́lá ti gba iṣẹ́ akọni lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àlá ni, ta ni ó jìyà? Ta ni ó mú Ikú? Ẹyin wo ni ó bọ́ aráyé? Ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. Ẹni tí ó bá sì gba ti Ògúnmọ́lá yóò sọ pé inú àgbo àwọn òǹwòran tí ó ń béèrè ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ eré ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, àti pé ọ̀mu tí ó jí lójú àlá lè ronú, kí ó sì yí ìwà rẹ̀ padà. Ẹjọ́ tirẹ̀ náà tọ́. Bí ẹ bá bi mí, n ó ní àlá náà dín ìtàn kù. Síbẹ̀, ọ̀nà kan wà tí eré náà fi sún mọ́ orísun ju ìwé lọ. Yorùbá ni Tútùọlá fi ro ohun tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ògúnmọ́lá dá ọ̀rọ̀ náà padà sí ẹnu tí ó ti jáde, ó fi orin àti ìlù kún un. Ẹni tí kò mọ lẹ́tà kan lè wò ó, kí ó sì mọ̀ pé ìtàn òun ni.

Ibí yìí ni ìbéèrè ti le sí i. Nígbà tí a bá ní eré kan kò ṣe olóòótọ́ sí orísun rẹ̀, orísun wo ni à ń wí? Ìyàn inú ìwé Tútùọlá bẹ̀rẹ̀ láti inú ìjà tí Ilẹ̀ àti Ọ̀run jà lórí eku kan ṣoṣo. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ ààlọ́ yìí kí ó tó mọ̀ pé ìwé kan wà tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ìwé náà kọ́kọ́ jáde, bí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń yìn ín ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn West Africa pé Tútùọlá ba ààlọ́ jẹ́, àti pé ó jẹ Fágúnwà ní gbèsè. Ẹ̀sùn àìṣòótọ́ tí a fi kan Ògúnmọ́lá ní 1963 ni a ti fi kan Tútùọlá ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Bí a bá ń bá a lọ báyìí, a ó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí ń pa ààlọ́ ní òṣùpá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò sì sọ fún òun náà pé, "Ìyá, kì í ṣe bí ẹ ti pa á lánàá nìyí."

Ní ti àhunpọ̀ ìtàn ńkọ́? Nínú ìwé Tútùọlá, ọ̀mu àti aya rẹ̀ ta ikú wọn ní £70:18:6, wọ́n sì yá ẹnìkan ní ẹ̀rù wọn, tí èlé rẹ̀ jẹ́ £3:10:0 lóṣooṣù. Láti ọjọ́ náà, wọn kò lè kú mọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gba ẹ̀rù wọn padà, wọ́n tún lè bẹ̀rù. Ẹ ò rí i bí ó ti gún? Àsọdùn ni o, ṣùgbọ́n àsọdùn tí ó ní òfin ni. Òǹwòran gbà kí ènìyàn di ẹyẹ. Ohun tí kò gbà ni kí ẹni tí ó lè di ẹyẹ jókòó sínú túbú tí kò ní òrùlé, láìsí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Àwa tí a ti ọ̀dọ̀ ọfọ̀ àti èèwọ̀ wá mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: oògùn tí kò ní èèwọ̀ kì í ṣe oògùn, akọni tí kò sì ní ibi tí ó kù sí, kò sí ẹni tí yóò bẹ̀rù fún un. Nítorí náà, ẹni tí ó ń tọ́ka sí ibi tí òwú ti já kò ṣe àríwísí lásán. Òfin tí ìtàn fi lélẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń béèrè pé kí ìtàn pa mọ́.

Títí di ibí yìí, akọni inú àròsọ ni à ń sọ. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí akọni bá jẹ́ ẹni tí ó gbé ayé rí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1944 ni Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní wàjà. Ní oṣù kìíní ọdún 1945 ni Olókùn-Ẹṣin rẹ̀ múra láti bá a lọ, tí ìjọba òyìnbó sì dá a dúró, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe Ọba Wàjà ní 1964, ilẹ̀ Gánà ni ọmọ náà wà nínú eré rẹ̀. Ṣóyínká kọ tirẹ̀, Death and the King's Horseman, ní 1975, ọmọ náà sì di ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Ìlú Ọba. Bíyì Bándélé sọ ọ́ di fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba ní 1922 àti 100 ọdún lé e, èyí ni 2022. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń yà mí lẹ́nu. Ọdún 1946 ni Ṣóyínká kà sí ọdún ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ó sì sọ ní gbangba pé òun fà á sẹ́yìn sí ìgbà ogun àgbáyé nítorí bí eré yóò ti dùn. Ìwádìí fi hàn pé ìgbà ogun náà ni ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ibi tí ó rò pé òun ti kúrò lórí òótọ́ gan-an ni ó ti bá òótọ́ pàdé. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí òǹkọ̀wé sọ ohun tí ó yí padà, kí ọ̀nà lè wà fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn láti wádìí rẹ̀ wò.

Ní ọdún 2024, fíìmù House of Ga'a àti Lisabi: The Uprising jáde, ilé kò sì gba ọ̀rọ̀ mọ́. Mo wà láàrin àwọn kan ní Ìjùrìn tí wọ́n ń jiyàn lórí ti Gáà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ fún àgbàlagbà kan pé, "Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Baṣọ̀run Gáà tí a kà nílé-ìwé." Bàbá dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, Fálétí tí ó kọ ọ́, ta ni ó sọ ọ́ fún òun náà? Ṣé ó wà láàfin lọ́jọ́ náà ni?" Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ ń sọ pé kò sí èyí tí a lè pè ní irọ́ mọ́ nìyẹn?"

Ìbéèrè ọmọ yìí ni ó gbé mi dé iwájú yín. Òótọ́ ni pé ọdún 1972 ni eré Adébáyọ̀ Fálétí jáde, ó sì tó igba ọdún ó dín díẹ̀ lẹ́yìn ikú Gáà ní 1774. Ṣùgbọ́n pé ìtàn ti gba ẹnu púpọ̀ kọjá kò sọ gbogbo ẹnu di ọ̀kan náà. Irọ́ wà. Bí ẹnìkan bá ṣe fíìmù ogun Kírìjì lọ́la, tí ó sì ní Fábùnmi kì í ṣe ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, tàbí pé àwọn ọmọ ogun ti tú ká pátápátá kí ó tó di 1893, irọ́ ni ó pa. Irọ́ náà kò sì ní jókòó sínú fíìmù nìkan. Yóò dé ààfin níbi tí a ti ń jiyàn oyè, yóò dé kóòtù níbi tí a ti ń jiyàn ààlà ilẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni a ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò láàyè ara rẹ̀ ní àwọn ilé-ìwé kéékèèké wa, kí a tó pàṣẹ pé kí ó padà. Ìran ọmọ kan ti dàgbà láàrin ìgbà náà tí ó jẹ́ pé fíìmù ni olùkọ́ ìtàn rẹ̀.

Wálé Ògúnyẹmí tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ atọ́nà fún wa. Òun ni ó kọ Langbodo, òun náà ni ó kọ Kiriji tí wọ́n tẹ̀ ní 1976. Ní Òkè Láńgbòdó, ó ní àǹfààní láti yí ohun tí ó bá wù ú padà, ohun tí a óò sì bi í ni bóyá òfin inú ìtàn rẹ̀ gún. Ní ojú ogun Kírìjì, ọmọ-ọmọ àwọn tí ó kú síbẹ̀ ṣì wà láàyè, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bi í ní ìbéèrè mìíràn. Ìṣòótọ́ kò jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo. Ti àròsọ jẹ́ sí òfin àti ọkàn ìtàn, ti ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé sì jẹ́ sí ẹni tí ó ṣe é àti ọjọ́ tí ó ṣe é.

Mo sì fẹ́ kí a rántí ohun tí ó mú kí n lè ṣe ẹjọ́ Ògúnmọ́lá níwájú yín lónìí. Ní ọdún 1968, Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ọ̀rọ̀ inú Láńkẹ́ Ọ̀mu jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ẹni tí ó ni eré ṣì wà láàyè. Ọdún 1973 ni Ògúnmọ́lá kú. Bí kò bá sí ìwé yẹn, àlá Láńkẹ́ ìbá ti bá a lọ, kò sì ní sí ohun tí a ó fi wé ohunkóhun. Àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn Ìjùrìn, Ìjerò, Àràmọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n kò pọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Nígbà tí ọmọ kan bá tún wo fíìmù lọ́la tí ó ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀," yóò lè sọ bí ó ti rí.