Ẹ̀kọ́ Sẹ́ẹ̀lì àti Yíyan Yunifásítì: Ìtàn Díẹ̀ láti Shooters Hill

Ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ kan ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa ní Shooters Hill àti Thamesmead. Ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì ni òun fẹ́ kọ́. Bàbá ní dókítà ni òun bí. Nínú iṣẹ́ mi, èyí tí í ṣe ti ìgbáyégbádùn ẹbí, mo ti pàdé ọmọ tí ó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì tí àwọn òbí rẹ̀ ṣì rò pé ìṣègùn ni ó ń kọ́. Irọ́ bẹ́ẹ̀ wúwo fún ọmọ ogún ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò. Obadiah Johnson, àbúrò Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, kọ́ ìṣègùn ní King's College ní London kí ó tó gba oyè M.D. ní Edinburgh ní 1889. Ìṣègùn ni ọ̀nà ọlá nígbà náà, a kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní King's yìí kan náà, ní 1952, ni Rosalind Franklin àti Raymond Gosling ti ya àwòrán DNA tí ó la ọ̀nà fún àwọn ará Cambridge ní 1953. Franklin kì í ṣe dókítà. Kẹ́mísírì ni ó kọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ nìkan tàn yín. Láti 1948 títí di 1962, oyè Yunifásítì London ni University College ní Ìbàdàn ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. London ni ó wà lára ìwé ẹ̀rí, Ìbàdàn ni wọ́n ti gba ìmọ̀. Ní tòsí wa níhìn-ín, Woolwich Polytechnic tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1890 di Thames Polytechnic ní 1970, ó sì di University of Greenwich ní 1992. Àwọn àgbà kan ṣì ń yínmú sí i pé "Pólì" ni. N kò bá wọn ṣe é. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n béèrè ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà gan-an, nítorí pé Medway, ní Kent, ni yunifásítì yìí kó ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ lọ.

Owó náà ń kọ́? Kí ó tó di 1998, ìjọba ni ó ń san owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ onílé. Ní ọdún náà ó di £1,000 lọ́dún, ní 2012 ó fò dé £9,000. Ọdún mẹ́ta ni dìgírì yìí sábà máa ń gbà ní England, mẹ́rin ní Scotland.

UCAS fún ọmọ ní àyè márùn-ún, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ni ó lè fi béèrè fún ìṣègùn. Inú àyè karùn-ún ni ọ̀pọ̀ wa ń ju ẹ̀kọ́ sẹ́ẹ̀lì sí, láì tilẹ̀ dé ọgbà yunifásítì náà rí. Ẹ bá ọmọ lọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ẹ béèrè iye wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ń lò nínú yàrá ìwádìí lọ́sẹ̀, àti bóyá àyè wà láti fi ọdún kan ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn. Kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.