Kí ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn ṣe?

Ní ọdún 2002, ìwádìí HapMap bẹ̀rẹ̀, láti mọ ìyàtọ̀ inú àbùdá tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí. Nínú èèyàn 270 tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, 90 jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ kan, ìdílé 30. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ jókòó bá ará àdúgbò sọ̀rọ̀ ná. (Bó ṣe yẹ nìyẹn!) Àwọn nìkan ló ti Áfíríkà wá. Orí mi wú, àmọ́ ṣé Ìbàdàn nìkan ni Áfíríkà? Ní 2020, àwọn onímọ̀ yẹ èèyàn 426 wò láti ẹ̀yà 50 ní Áfíríkà. Ìyàtọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ rí lé ní mílíọ̀nù 3. Bí dókítà bá rí irú rẹ̀ lára ọmọ wa, ìwé wo ni yóò fi mọ̀ bóyá òun ló fa àìsàn?