Fàdákà Ni Wọ́n Fi Rí Wọn

Bí aláró ṣe ń rẹ aṣọ ni wọ́n ṣe ń rẹ ọpọlọ ní Madrid, olú-ìlú Sípéènì, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bí èèyàn bá gbé ọpọlọ sábẹ́ maikirosikóòpù láìpa á láró, ojú kò ní lè dá sẹ́ẹ̀lì kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Wọ́n á fi formalin tọ́jú rẹ̀ kó má baà jẹrà, wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á wá rì í sínú omi fàdákà. Ibi tí fàdákà bá ti mú á dúdú, ìrísí sẹ́ẹ̀lì á sì yọ síta.

Santiago Ramón y Cajal ni àgbà nídìí iṣẹ́ yìí. Òun àti Camillo Golgi ará Ítálì ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906. Síbẹ̀, ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì kan wà tí aró Cajal kò mú dáadáa: ó rí wọn bí kóró lásán, láìní ẹ̀ka.

Pío del Río-Hortega, dókítà tó ń ṣèwádìí nítòsí rẹ̀, ló po aró tuntun láti ara silver carbonate. Ẹ̀ka wẹẹrẹ tó dà bí ẹ̀gún bá yọ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Ní 1919, ó sọ wọ́n ní microglia. Ó rí i pé bí ọpọlọ bá fara gbọgbẹ́, wọ́n á ká ẹ̀ka wọn kò, wọ́n á wú, wọ́n á sì máa jẹ ohun tó ti kú níbẹ̀. Ó tún sọ pé àtọ̀húnrìnwá ni wọ́n, pé ìta ni wọ́n ti wọ inú ọpọlọ.

Àárín òun àti Cajal kò gún mọ́. Ní 1920, Cajal lé e kúrò nílé ìwádìí tí wọ́n jọ ń lò. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1936, ó fi Sípéènì sílẹ̀, Buenos Aires ló sì kú sí ní 1945.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbálẹ̀ lásán ni wọ́n ka microglia sí, tó ń sùn títí àìsàn á fi dé. Ní 2005, àwọn olùwádìí wo inú ọpọlọ eku tó wà láàyè, wọ́n rí i pé ẹ̀ka wọn kì í sinmi.

Ní 2007, Beth Stevens àti Ben Barres ní Stanford rí ohun tó yà wọ́n lẹ́nu. C1q àti C3, èròjà tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń sàmì sára kòkòrò àrùn, wà ní synapse, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn. Nínú ọmọ eku tí kò ní èròjà wọ̀nyí, àwọn synapse tó yẹ kó já bí ó ṣe ń dàgbà kò já tán.

Ta ló ń já wọn? Ní 2012, Dorothy Schafer àti Stevens fi àwọ̀ sójú ọmọ eku. Àwọ̀ náà gba ọ̀nà iṣan ojú dé ọpọlọ, wọ́n sì bá a nínú ikùn microglia.

Ní 2016, wọ́n tún rí i pé C1q ń pọ̀ sí i ní synapse àwọn eku tó ní irú àìsàn Alzheimer, ṣáájú kí ìdọ̀tí àìsàn náà tó gbá jọ sínú ọpọlọ wọn. Àwọn tí wọ́n dí C1q lọ́wọ́ lára wọn kò pàdánù synapse tó bẹ́ẹ̀.