Òru Ló Kọ́kọ́ Ń Sọ̀rọ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìṣòro Oorun ní Ìbẹ̀rẹ̀ Àrùn Parkinson

Nígbà tí James Parkinson, oníṣègùn ará Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé rẹ̀ lórí àrùn tó ń mú ara gbọ̀n lọ́dún 1817, ó mẹ́nu ba oorun tó ń dàrú, ṣùgbọ́n ìgbà tí àìsàn ti wọra ló fi í sí. Ìwádìí òde òní ti yí ètò yẹn padà. Nínú ọ̀pọ̀ aláìsàn, oorun a ti bàjẹ́ fún ọdún mélòó kan kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú àwọn ìṣòro oorun náà ni kí èèyàn máa ṣe ohun tó ń lá. Ó ń sùn, ó ń pariwo, ó ń ju ẹ̀ṣẹ́, nígbà mìíràn ó já bọ́ láti orí ibùsùn. Lójú oorun tí àlá pọ̀ sí, ọpọlọ máa ń dá iṣan ara dúró kí a má bàa dìde tẹ̀ lé àlá. Michel Jouvet ní ìlú Lyon, ní Faransé, fi hàn lára ológbò pé bí ibi kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ bá bàjẹ́, ìdádúró náà kò ní sí mọ́: ológbò tó ń sùn á dìde máa bá ohun tí kò sí níbẹ̀ jà.

Lọ́dún 1986, Carlos Schenck, Mark Mahowald àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Minnesota ṣàpèjúwe irú rẹ̀ lára èèyàn. Wọ́n tẹ̀ lé àgbà ọkùnrin 29 tó ní ìṣòro yìí. Nígbà tó fi di 1996, àwọn àmì àrùn Parkinson ti yọ lára 11 nínú wọn. Ìwádìí ńlá tí Ronald Postuma ṣáájú, tó jáde ní 2019, kó èèyàn 1,280 tó ní ìṣòro yìí jọ láti ibùdó 24. Ìṣirò wọn fi hàn pé láàárín ọdún 12, ó lé ní ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó máa ní àrùn Parkinson tàbí èyí tó bá a tan. Ẹ̀rí tó lágbára ni èyí, lójú tèmi.

Heiko Braak ti Jámánì ti dábàá ìdí tí oorun fi ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ní 2003: pé ìdìpọ̀ èròjà alpha-synuclein máa ń kọ́kọ́ hàn ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ kó tó gòkè dé ibi tó ń pèsè dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìṣípòpadà ara. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló bá ètò yìí mu.

Àwọn ìṣòro yòókù ni títají léraléra, ìtọ̀ òru, àìlè yíra padà nítorí ara tó gan, àti òògbé lọ́sàn-án. Oògùn Parkinson bíi pramipexole àti ropinirole lè dá kún èyí tó kẹ́yìn. Ní 1999, ìròyìn jáde nípa àwọn awakọ̀ tó sùn lọ lójijì nídìí ọkọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lò wọ́n.

Láàárín tiwa, ẹni tó ń jà lójú oorun, ogun ẹ̀mí ni a máa ń kà á sí. Kí a gbàdúrà o, ṣùgbọ́n kí a sọ fún dókítà pẹ̀lú. Aláìsàn fúnra rẹ̀ sábà máa ń wí pé òun sùn dáadáa. Aya tó ti kó lọ sí yàrá kejì ló mọ òtítọ́. Èémí tó ń dí lójú oorun àti àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan lè fa irú ìwà yìí náà, nítorí náà àyẹ̀wò ṣe pàtàkì. Melatonin àti clonazepam ni a máa ń lò, ṣùgbọ́n clonazepam lè mú kí àgbàlagbà ṣubú. Kò tíì sí oògùn tó dájú pé ó ń dá àrùn Parkinson gan-an dúró.

Ẹ̀yin oníṣègùn wa, kò dìgbà tí ẹ bá ní ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ẹ pe aya tàbí ọkọ aláìsàn wọlé, kí ẹ bi í bóyá ẹnìkejì rẹ̀ máa ń ṣe ohun tó ń lá.