Owó Àtijọ́ Inú Àpótí

Ẹ̀yin ará Berlin àti Hamburg, àwọn àgbà àárín wa kò gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 1984. Ìjọba Ọ̀gágun Buhari pa àwọ̀ náírà dà, wọ́n ti ẹnubodè, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún pípààrọ̀ kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Náírà tó wà nínú àpótí níhìn-ín di bébà lásán. Ìdí nìyí tí a fi sáré kó Máàkì wa jáde nígbà tí Yúrò dé ní 2002. Àṣé kò sí ìdí fún eré! Bundesbank kò dá gbèdéke: títí di òní, ẹ̀ka wọn ní ìlú méjèèjì ń pààrọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, 100 Máàkì sì jẹ́ Yúrò 51.13. Ti Jámánì Ìlà-Oòrùn, tí Máàkì yìí rọ́pò ní oṣù keje ọdún 1990, ni wọn kì í gbà. Ẹ yẹ àpò ẹ̀wù òtútù àtijọ́ wò, pàápàá ti àwọn tó ti lọ.